Ìbọn pump action: Ṣé èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá dára ju ti ará ìlú lọ?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní Houston tàbí Atlanta, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìbọn Remington 870 méjì tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ owó ọ̀kan ju ti èkejì lọ dáadáa. Tí ẹ bá béèrè ìdí, ẹni tó ń tajà á ní: "Ti ọlọ́pàá nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó láti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fa owó yọ.

Àwọn olùgbọ́ wa tó ń gbé l'Amẹ́ríkà máa ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá òótọ́ ni pé ti ọlọ́pàá ló dára jù. Ìdáhùn wa ní ṣókí rèé: ti ọlọ́pàá lágbára láti fara da wàhálà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á kò ní wàhálà yẹn láti fún un. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni pump action gan-an?

Ìbọn tó ń yin kátírììjì ni, irú èyí tí ọta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Inú páìpù tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ni wọ́n ń kó kátírììjì sí. Tí ẹ bá fa ìdìmú abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, páálí èyí tí ẹ ti yìn á fò jáde. Tí ẹ bá tì í padà síwájú, òmíràn á wọlé. Ọwọ́ ẹni tó mú un ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìbọn náà kì í dá kì ara rẹ̀.

Ọdún 1950 ni iléeṣẹ́ Remington gbé 870 jáde. Nígbà tó fi máa di ọdún 2009, èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù 10. Ọdẹ ń lò ó, ọlọ́pàá ń lò ó, onílé náà ń rà á. Lọ́dún 1987 ni wọ́n mú èyí tí wọ́n pè ní Express wá, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ fún ará ìlú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè ní 870P tàbí Police Magnum.

Kí ni wọ́n fi jọra?

Ohun tó pọ̀ jù ni. Àpótí irin tó wà láàárín ìbọn, tí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, irin gidi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ nínú méjèèjì. Irin gbọọrọ méjì ló so ìdìmú mọ́ ẹ̀rọ inú, bákan náà ni. Kátírììjì kan náà ni wọ́n ń yìn. Ọta tó jáde lẹ́nu Express kò rọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ.

Kí ló wá yàtọ̀?

• Ara ìbọn: Wọn kì í dán ara Express dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lò ó fi máa ń ráhùn pé ó ń tètè dógùn-ún tí wọn ò bá fi òróró pa á. Kẹ́míkà phosphate ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ ti ọlọ́pàá. Kì í dán, àmọ́ ó máa ń gba òróró dúró, omi kì í sì í tètè ràn án.

• Ìkọ́ kékeré tó ń fa páálí jáde: Ti Express, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n tẹ̀ sínú móòdù. Ti ọlọ́pàá, irin gidi ni wọ́n gé e lára rẹ̀. Tí ìkọ́ yìí bá kán, páálí á há, ìbọn á sì di igi lọ́wọ́ yín.

• Sípíríǹgì: Èyí tó wà níbi tí ìka ti ń fà á le sí i nínú ti ọlọ́pàá, kó má bàa ṣèèṣì yìn tí nǹkan bá gbá a. Èyí tó ń gbé kátírììjì sókè náà le jù ti Express lọ.

• Ilé tí ẹ̀rọ ìfà wà nínú rẹ̀: Ike ni ti Express, irin ni ti ọlọ́pàá.

• Páìpù kátírììjì: Ọ̀pọ̀ Express ló ní ibi méjì tó tẹ̀ wọnú nínú páìpù yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi páìpù mìíràn gùn ún kó lè gba kátírììjì sí i, ibẹ̀ ló máa dí i lọ́wọ́. Ti ọlọ́pàá kò ní in.

• Ọ̀pá ìbọn: Ínǹṣì 26 tàbí 28 ló wọ́pọ̀ lára Express tí wọ́n ń ṣọdẹ, nítorí ẹyẹ tó ń fò. Ínǹṣì 18 tàbí 20 ló wọ́pọ̀ lára ti ọlọ́pàá.

• Àyẹ̀wò: Wọ́n máa ń fara balẹ̀ yẹ ti ọlọ́pàá wò ju ti ará ìlú lọ kó tó kúrò níléeṣẹ́.

Kí ni owó tó lé yẹn wà fún?

Ẹ rò ó wò. Ìbọn ọlọ́pàá máa ń wà nínú mọ́tò tọ̀sán-tòru, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Òní, ọwọ́ ẹnìkan ló wà, ọ̀la, ó ti di ti ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n lè yin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kátírììjì lọ́jọ́ kan. Irú ìyà yìí ni wọ́n ṣe é fún.

Ìbọn tó wà nínú àpótí nílé, tí wọ́n ń mú jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ńkọ́? Kò ní rí ìdajì ìdajì wàhálà yẹn títí olówó rẹ̀ á fi darúgbó.

Èwo ni kí n rà?

Tó bá jẹ́ ọdẹ lẹ fẹ́ máa ṣe, èyí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú ti tó. Ọ̀pá gígùn lẹ nílò. Ẹ tún rántí pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó ń ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ inú igbó kò gbọ́dọ̀ lo ìbọn tó lè gbà ju kátírììjì 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Páìpù gígùn ti ọlọ́pàá ò ní ṣe yín láǹfààní kankan níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ààbò ilé ni, wọ́n ṣe Express tó ní ọ̀pá ínǹṣì 18 náà. Ẹ lè fi owó tó ṣẹ́ kù pààrọ̀ ìkọ́ àti sípíríǹgì sí irú ti ọlọ́pàá, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn ló bára mu.

Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ gáàdì lẹ̀ ń ṣe, tàbí ẹ ń yin ọta púpọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí etí òkun lẹ̀ ń gbé, ẹ ra ti ọlọ́pàá. Owó yín ò ní ṣòfò.

Ọ̀nà kẹta wà: tòkunbọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ti ń gba ìbọn rífù dípò 870, wọ́n sì ń ta èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Ara rẹ̀ lè ti ha, ìdí rẹ̀ lè ti bó, àmọ́ inú rẹ̀ lè má tíì gbó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tajà ṣí i, kó fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ tó wo inú ọ̀pá àti ìkọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì gba orúkọ tí wọ́n kàn kọ sí i lára gbọ́. Ìdìmú dúdú àti ọ̀pá kúkúrú kò sọ ọ́ di ti ọlọ́pàá. Ẹ yẹ ìkọ́ àti ilé ẹ̀rọ ìfà wò.

Ohun mìíràn ni pé iléeṣẹ́ àtijọ́ yẹn wọ gbèsè lọ́dún 2018 àti 2020, wọ́n sì tà á. RemArms ló ń ṣe 870 báyìí, Fieldmaster sì ni wọ́n fi rọ́pò Express. Express tí ẹ bá rí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ohun tí owó méjèèjì ò lè rà

Ohun tó ń ti 870 pa, ìfà nìkan ló ń dì mú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í fi kátírììjì sínú ọ̀pá nígbà tí ìbọn bá wà nínú mọ́tò. Tí ọmọ bá wà nílé yín, àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ ìbọn lọ. Ẹ ra àpótí, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tó máa kọ́ yín. Nínú owó tí ẹ bá fi ra Express dípò ti ọlọ́pàá, ẹ lè rí owó méjèèjì.

Ẹ kíyè sí òfin o

Ẹni tó ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àyàfi tó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ṣíṣe àṣìṣe níbí lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́. Ẹni tó ní green card lè rà á, tí kò bá sí ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn rẹ̀. Bákan náà, ẹ má gé ọ̀pá ìbọn kó má tó ínǹṣì 18. Òfin ọdún 1934 ti ní kí wọ́n forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kẹ́nikẹ́ni tó ṣe é.

Ẹ má sì rò ó pé ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé. Ṣebí ẹ gbọ́ nígbà tí àwọn aṣọ́bodè gba pump action 661 l'Ékòó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà ò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba ibẹ̀ ní òfin ìbọn tirẹ̀, Amẹ́ríkà náà sì ní òfin tó de kíkó ìbọn jáde.

Torí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kẹ́ ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ kí ìbọn yìí ṣe, ibo ni mo sì máa tì í mọ́? Ẹni tó bá ti dáhùn méjì yẹn, ẹni tó ń tajà ò lè fi orúkọ ọlọ́pàá gba owó rẹ̀ mọ́.