Màdáámú tó ná owó rẹ̀ kí sásófóònù lè ní orin tiẹ̀ 🧵

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá dárúkọ sásófóònù, mo mọ̀ pé Fẹlá ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn. Àwọn kan á rántí bọ̀dá tó máa ń fun ún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìtàn ìwé ni mo fẹ́ sọ lónìí: ìwé nóòtì tí wọ́n ń kọ fún sásófóònù àti píánò. Ta ló ń sanwó fún àwọn tó ń kọ ọ́? Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

2/ Adolphe Sax ló ṣe sásófóònù. Ìlú Dinant ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti bí i ní 1814. Ó kó lọ sí Paris ní 1842, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1846 pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ìṣòro ibẹ̀ rèé: ohun èlò tuntun ni, kò ní orin. Klarinẹ́ẹ̀tì ní orin tí Mozart kọ fún un. Mozart sì ti kú ní 1791, kí wọ́n tó bí Sax rárá. Àwọn àgbà olórin tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún ti lọ, kò sí èyí tó mọ sásófóònù nínú wọn.

3/ Sax ò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Ní 1857 ó di olùkọ́ sásófóònù ní Conservatoire tó wà ní Paris. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin ológun ló ń kọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi orin ṣe ìdánwò, àbí? Ló bá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bíi Jean-Baptiste Singelée àti Jules Demersseman, kí wọ́n kọ orin fún sásófóònù àti píánò. Ó tún fúnra rẹ̀ tẹ ìwé náà jáde, ó ń tà á. Òun ló ṣe ohun èlò, òun ló ń kọ́ni, òun náà ló ń ta ìwé. Iṣẹ́ èèyàn mélòó nìyẹn!

4/ Kí ló dé tó fi jẹ́ píánò? Torí ẹnì kan ṣoṣo nídìí píánò lè dúró fún odidi ọ̀kẹ́stírà. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa rí ọgọ́ta èèyàn kó jọ fún ìdánwò?

Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi: ìwé àwọn méjèèjì kì í bára mu lójú. Tí sásófóònù áltò bá fun C tó wà nínú ìwé tiẹ̀, E-flat lẹ máa gbọ́. Torí náà, kíì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ fún sásófóònù, ọ̀tọ̀ ni ti píánò, kí ohùn wọn lè bọ́ sójú kan náà. Ẹ bi àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, wọ́n á ròyìn ohun tí ojú wọn ti rí 😂

5/ Ní 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti àwọn ará Jámánì. Kíláàsì sásófóònù parí síbẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n tún ṣí i? 1942, tí wọ́n fi Marcel Mule ṣe olùkọ́. Ọdún 72! Sax ti wọ gbèsè, ó sì kú ní 1894, ojú rẹ̀ ò tó o. Tí kò bá sí kíláàsì, kò sí ìdánwò. Tí kò bá sí ìdánwò, ta ló máa bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ orin?

6/ Ibí ni màdáámú wa ti wọlé. Elise Hall, opó olówó kan ní Boston, Amẹ́ríkà. Taifọ́ọ̀dù ti ba etí rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ní torí etí yẹn gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fun sásófóònù. Ó ti lé lógójì ọdún nígbà náà o! Ó wá orin tó máa fun, kò rí tó nǹkan. Ó bá tọwọ́ bàpò. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìn rere. Ó bẹ àwọn olórin níṣẹ́: Vincent d'Indy, Florent Schmitt, André Caplet. Orin tó sanwó fún tó bíi 22.

7/ Ó bẹ Debussy náà. Bọ̀dá yìí gbowó, ó ná an tán, kò kọ nǹkan kan 😭 Ní 1904, Hall wọ aṣọ píǹkì, ó fun orin d'Indy ní Paris. Kí ni Debussy ṣe? Ó fi aṣọ yẹn àti sásófóònù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti jẹ owó rẹ̀ o!

Nígbà tó yá, ó kọ Rapsodie náà, ṣùgbọ́n kò kọ gbogbo ipa ọ̀kẹ́stírà rẹ̀ tán kó tó kú ní 1918. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roger-Ducasse, ló bá a parí rẹ̀. Oṣù karùn-ún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Paris. Ẹlòmíràn ló fun ún, kì í ṣe Hall. Màdáámú kú ní 1924.

8/ Yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Rapsodie yìí, sásófóònù àti píánò nìkan. Orúkọ Debussy ni wọ́n pè. Mo pàtẹ́wọ́, mo lọ sílé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, tó sanwó, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró dè é.

Ohùn sásófóònù dùn látọjọ́ tí Sax ti ṣe é. Adùn yẹn nìkan ò tó. Ẹnì kan ní láti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnì kan sì ní láti sanwó ìkọ̀wé. Torí náà, tí ẹ bá mọ ẹni tó ń kọ orin tuntun, ẹ má kàn kí i kú iṣẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ fún un, kí ẹ sanwó.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ti sanwó fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣiṣẹ́ o. Ẹ má ṣe bíi Debussy 😂

Ó parí.