Ta Ló Gbẹ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta?

  Àwọn olóòtú ìwé wa ní kí n kọ díẹ̀ nínú ìtàn agbègbè wa, mo sì mọ̀ pé ìtàn ogun tàbí ìtàn oyè ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ má bínú. Ère Kérésìmesì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ ó rántí bí ó ti máa ń rí. Bí ó bá ti di ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwa tí ilé wa wà ní Ìfọ́n àti Ìdóàní á wọ aṣọ tuntun, a ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ "wo Jésù". Bàbá mi á jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, àwa àti ìyá wa á wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìrẹsì nínú abọ́. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni wá, a ò ní irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà la ti máa ń wò ó. Wọn á ti fi màrìwò ṣe ahéré kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Màríà á wà níbẹ̀, àti Jósẹ́fù, àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ọba mẹ́ta, àti ọmọ jòjòló nínú ibùjẹ ẹran. Ère ẹfun tí wọ́n kó ti òkè òkun wá ni gbogbo wọn, pupa fòò, ojú wọn bí ojú ajẹ́lẹ̀. Ọba kan ṣoṣo ló dúdú, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń gbé e sí. Ṣé ẹ rántí bí a ti máa ń jà lórí ẹ̀? "Tèmi nìyẹn! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!"

Ní Kérésìmesì 2023, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ wa mẹ́ta tó ń gbé ní Èkó lọ wo irú ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ìyá wọn kọ̀. Ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 June 2022, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40, t'ọmọdé t'àgbà. Kérésìmesì ọdún náà bá ilé yẹn ní títì. Ọjọ́ Àjíǹde 2023 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ṣé torí ère lẹ ṣe fẹ́ kó ọmọ lọ sáàárín èrò?" N kò rí èsì fọ̀. Ìyàwó mi ló dá a lóhùn pé, "A ò ní pẹ́."

A lọ. Kì í ṣe ilé ìjọsìn tí mo dárúkọ yẹn la lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa. Wọ́n yẹ báàgì wa wò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ère ẹfun náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ wọ́n, ìka ọwọ́ ọba kan ti kán. Ọmọ ọdún méje inú wọn wò wọ́n títí, ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló ṣe wọ́n?" Mo ní wọ́n rà wọ́n ni. Láti ọjọ́ náà ni èsì yẹn ti ń dùn mí, torí mo mọ èsì tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí kò ra ère kankan. Francis ti ìlú Assisi ni, ní Italy. Ní Kérésìmesì 1223, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Greccio, ó ní kí wọ́n gbé ibùjẹ ẹran wá, pẹ̀lú koríko gbígbẹ, màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Ó fẹ́ kí àwọn ará abúlé fi ojú ara wọn rí i bí ẹni pé àárín wọn ni wọ́n ti bí Ọmọ náà. Ọdún tí mo kó àwọn ọmọ lọ yẹn ló pé 800 ọdún géérégé. (Ti ọba mẹ́ta ńkọ́? Mátíù kò pè wọ́n ní ọba, kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Amòye ló pè wọ́n. Ẹ̀bùn mẹ́ta tí wọ́n mú wá làwọn èèyàn fi kà wọ́n sí mẹ́ta. Àmọ́ Yorùbá wo ló máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kí ọba má wá síbi ìsọmọlórúkọ?)

Ẹ wá gbọ́ tiwa. Ní 1943, Róòmù dá agbègbè ìjọ Oǹdó àti Ìlọrin sílẹ̀ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Hughes. Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Ọyẹ́-Èkìtì, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn wà nígbà náà. Ìgbà tó di 1972 ni Èkìtì tó ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní 1947, àwọn fada ẹgbẹ́ SMA láti Ireland dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Fada Kevin Carroll àti Fada Sean O'Mahoney ló wà nídìí ẹ̀. Wọn ò kó ère wọlé láti òkè òkun. Àwọn agbẹ́gilére ni wọ́n wá lọ: Bándélé, ọmọ Arẹògún ti Òsì, ìdílé tí iṣẹ́ ọnà wọn ti kún ààfin àti ojúbọ. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé fún ọdún mẹ́ta. Mùsùlùmí ni Làmídì. Fada Carroll kò ní kó yí ẹ̀sìn padà kó tó gbẹ́ Màríà. Bí wọ́n ti ń gbẹ́gi látọ̀dọ̀ baba wọn ló ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ.

Báyìí ni àwọn amòye Ìlà-oòrùn ṣe di ọba Yorùbá. Agbẹ́gilére á gbẹ́gi tán, iṣẹ́ á kan àwọn ahunṣọ, àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ awọ. Màríà wá ní ojú tí ọmọ Èkìtì mọ̀.

Kò pẹ́ títí. Ní 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Àwọn onígbàgbọ́ kan, dúdú àti funfun, ti ń ráhùn pé òrìṣà ni irú ère bẹ́ẹ̀ jọ. Kí n sọ òótọ́, n kò lè bú wọn. Ẹni tí baba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun ère ìbejì, tí wọ́n sọ fún pé ọ̀run àpáàdì ni ilé abọ̀rìṣà, ẹ wá ní kó kúnlẹ̀ níwájú igi tí ọwọ́ kan náà gbẹ́? Ẹ̀rù á bà á. Ère ẹfun kò rán an létí ohunkóhun, ìyẹn ló ṣe rọrùn fún un.

Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni mò ń sọ o, ìlú tó ń fi eyín erin dárà fún ọba, tó ń gbẹ́ orí àgbò sí ojúbọ àwọn baba ńlá. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wú àwọn orí amọ̀ jáde ní Igbó Ọlájà, iṣẹ́ tó ti wà láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ìlú tó mọ àgbò gbẹ́ báyìí, ṣé àgùntàn olùṣọ́-àgùntàn ló máa ṣòro fún un ni?

Làmídì ní tirẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dé Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978, òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kú ni 25 December 2009, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọ ọdún méje náà lórí fóònù. Ó ní ṣé a lè ṣe tiwa? Mo ti bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan sọ̀rọ̀ ní Ìfọ́n, ó ní àgbò kò ní ṣòro fóun, ọba ni kò dá òun lójú. Ìyàwó mi ti ń ṣa ẹ̀kù aṣọ òkè jọ. Ìyá àwọn ọmọ kò tíì sọ bóyá wọ́n ń bọ̀ lọ́dún yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ère Ọyẹ́ nínú ẹrù àwọn òbí rẹ̀, tàbí fọ́tò àtijọ́ kan tí a ti ń wo ibùjẹ ẹran ní Ọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání wá sí ìpàdé.