Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ̀yìn Ríro Gbé Káyé

Ẹ̀yìn ń ro Peter Redpath. Òwò ṣúgà ti sọ ọ́ di ọlọ́lá ní ìlú Montreal ní Kánádà, ṣùgbọ́n owó kò gba ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà William Osler, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì McGill nígbà náà, ló wá ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé ni bàbá náà ń da èébú bolẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó tiro jáde, ẹ̀yìn ṣì ń ro ó.

Síbẹ̀, nígbà tí Osler tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìṣègùn jáde ní 1892, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ènìyàn, kò sí ìtọ́jú tó tó abẹ́rẹ́. Ó ní èyí tí àwọn obìnrin fi ń de fìlà mọ́rí pàápàá á ṣe é, bí wọ́n bá ti pa kòkòrò ara rẹ̀.

Láti Ṣáínà ni ọgbọ́n yìí ti wá. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà, kò sì jọ gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ẹtù pa. Wọ́n á kì í bọ ojú ibi kan lára, wọ́n á fi í sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Ní 1968, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibojì Liu Sheng, ọmọ ọba tí wọ́n sin ní Mancheng ní ọdún 113 ṣáájú ìbí Krístì. Abẹ́rẹ́ wúrà àti ti fàdákà wà nínú ẹrù tí wọ́n sin mọ́ ọn.

Mímọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé ni olórí iṣẹ́. Ní 1027, lábẹ́ Ọba Renzong, oníṣègùn Wang Weiyi bójú tó ère ènìyàn méjì tí wọ́n fi idẹ rọ, tí wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á fi ìda bo ère, wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gún un. Bí omi bá tú jáde, ó yege. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ̀ tí kò wọlé, kó padà sídìí ìwé.

Ní Jàpáánì, afọ́jú ló tún iṣẹ́ náà ṣe. Sugiyama Waichi, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló sọ ọ̀pá oníhò tín-ín-rín di irinṣẹ́: abẹ́rẹ́ á gba inú rẹ̀, ìka á kàn án lórí pẹ́rẹ́, ó ti wọlé kí ara tó fura. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú bíi tirẹ̀, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì di ohun tí wọ́n fi ń jẹun.

Jàpáánì yìí náà ni Willem ten Rhijne, dókítà ilé iṣẹ́ òkòwò àwọn ará Nẹ́dálándì, ti bá abẹ́rẹ́ pàdé láàárín 1674 sí 1676. Làkúrègbé ni olórí ọ̀rọ̀ inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1683. Ibẹ̀ ló ti so ọ̀rọ̀ Látìn méjì pọ̀, ti abẹ́rẹ́ àti ti gígún, tó fi di acupunctura. Oríkèé tó ń ro ni abẹ́rẹ́ gùn dé Yúróòpù.

Ilé ni wọ́n ti wá lé e. Ní 1822, Ọba Daoguang ti Ṣáínà pàṣẹ pé kí wọ́n má kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ààfin. Lẹ́yìn 1949 ni ìjọba Mao, tí dókítà rẹ̀ kò kárí ìlú, tó gbé e dìde padà.

Ní oṣù Keje 1971, akọ̀ròyìn New York Times, James Reston, gba iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì ní Beijing. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, inú wú u, kò jẹ́ kó sinmi. Oníṣègùn kan ki abẹ́rẹ́ mẹ́ta bọ̀ ọ́, ní ìgúnpá ọ̀tún àti nísàlẹ̀ orúnkún, ó sì tanná ran ewé gbígbẹ, ó gbé e sún mọ́ ikùn rẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ tí ara fi tù ú. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gún wọn lábẹ́rẹ́.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n dán an wò ní Jámánì lára ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́. Èsì jáde ní 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu nǹkan bí 48 nínú 100 àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú òyìnbó, 27 ni. Ṣùgbọ́n àwùjọ kẹta wà tí wọ́n gún lóréfèé, níbi tí kò sí nínú ìwé: ara tu 44 nínú 100 wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gún ère Wang Weiyi bẹ́ẹ̀ ì bá ti fìdí rẹmi.

Àwọn tó ń sanwó kò dúró de àlàyé. Ní oṣù Kìíní 2020, Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, gbà láti sanwó abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ro fún ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà 12 láàárín 90 ọjọ́, àti mẹ́jọ sí i bí ara bá ń yá. Bí ẹ̀yìn kò bá dẹ̀ bíi ti Redpath, owó dúró nìyẹn.