Ìda Oyin àti Iṣẹ́ Àwọn Baba Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ oyin; díẹ̀ ni ó ka ìda sí. Oyin ilẹ̀ wa pọ̀ ní oríṣi: òmíràn pọ́n, òmíràn dúdú, gẹ́gẹ́ bí òdòdó tí kòkòrò rẹ̀ fà mu. A ń fi oyin sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń lá a fún ikọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fún un tán, àwọn kan a da afárá nù.

Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, bí a ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a kan àwọn orí idẹ tí ó ti pẹ́ ju 400 ọdún lọ. Báwo ni a ti ń ṣe irú wọn? Oníṣẹ́ a fi ìda mọ ojú, imú àti ètè sára amọ̀. A tún fi amọ̀ bò ó, a sì gbé e sí iná. Ìda a yọ́ jáde; a ó sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, a fọ́ amọ̀ náà.

Ẹ kíyè sí i: ìda ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí a ṣe sára rẹ̀ kò parun.

Nítorí náà, ẹni tí ó fi iná jó ilé oyin nítorí ìgò kan ti pa oyin ọdún tí ń bọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a fi èéfín lé wọn, kí a ṣẹ́ afárá kù fún wọn, kí a sì tọ́jú ìda.