Ìgbàgbọ́ Àwọn Oníṣòwò Òkè Jọ́ọ̀sì

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gòkè dé ẹkùn Jọ́ọ̀sì ní 1914, tí ìwakùsà tánńganran sì ń pe tọmọdé tàgbà wá sí òkè olótùútù náà, ni àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ajílété, ti ń gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi bá ọjà wọn rìn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Síbẹ̀ ìdí àtẹ gan-an ni ìgbàgbọ́ wọn ti ń hàn. Lójú tèmi, èyí ju ìwàásù lọ. Ní oríta Tina nílùú Jọ́ọ̀sì, lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án 2001 tó da àárín Kristẹni àti Mùsùlùmí ìlú náà rú, kí Kristẹni ṣì máa wọn òṣùwọ̀n kíkún fún aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀rí ńlá ni.