Àgbàlá, Pèrègún àti Ojú Ọ̀run: Ìtàn Ewéko inú Ilé láti Oko Ọba

Oko Ọba ní Agége wà lára àwọn àdúgbò tí orúkọ wọn ṣì ń jẹ́rìí sí ohun tí ojú kò rí níbẹ̀ mọ́, nítorí oko ni orúkọ náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ títì, òrùlé páànù, ilé iṣẹ́ àti ilé ìpẹran ńlá tí gbogbo Èkó mọ̀ ni ó gba ilẹ̀ náà lónìí. Nínú ìlú tí ó há báyìí, àwọn tí ń kọ́ ilé tuntun ti ń ṣí ojú sílẹ̀ fún oòrùn, wọ́n ń gbin ewéko sínú pálọ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀làjú tí ó ti òkè òkun wá. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé ohun tí ó ti wà rí ni, tí a kàn bò mọ́lẹ̀.

Àgbàlá ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nínú agbo ilé àtijọ́, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ ilé tí ìdílé kan ń gbé pọ̀, a kì í la fèrèsé púpọ̀ sí ògiri ìta. Iyàrá ni ó yí àgbàlá tí kò ní òrùlé ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí a ti ń jókòó, tí a ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí a sì ti ń gba àlejò. Òrùlé koríko tàbí ewé gbòdògì dà wọ inú, tí ó fi jẹ́ pé àgbàlá ni omi òjò ń ṣàn sí, ìkòkò sì wà nílẹ̀ dè é. Ní Ọ̀wọ̀, ùghà ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000, sì lókìkí nítorí iye ùghà rẹ̀ tí a máa ń sọ pé ó lé ní 100. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn tí ń fi ohun tí wọ́n bá wú nínú ilẹ̀ mọ ìtàn, rí ilẹ̀ àgbàlá tí a fi àpáàdì tò lẹ́sẹẹsẹ ní Ìta Yemòó àti ní Ilẹ̀ Ọbalára, iṣẹ́ tí ó ti lé ní 500 ọdún.

Ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú ètò yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Èkó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń wà ní àtàrí ènìyàn gan-an ní ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nítorí náà fèrèsé gíláàsì ràgàjì, irú èyí tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù fẹ́ràn, yóò sọ yàrá di ààrò níbẹ̀ bí ó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Àgbàlá ń gba ìmọ́lẹ̀ láti òkè, etí òrùlé ń ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohun tí ó sì ń dé inú yàrá ni ìmọ́lẹ̀ tí ooru rẹ̀ ti rọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ojú kan náà jáde. Ní irú òjìji tútù bẹ́ẹ̀ ni rinrin ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, tí ọ̀dúndún, ewé tí a ń lò fún ẹ̀rọ̀ àti fún oyè, sì ti ń rí ààyè. Àgbàlá kì í ṣe ọgbà ọ̀ṣọ́. Kò sí ewé ibẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Agége gba ọ̀nà oko wọ inú ìtàn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, ọ̀gá atukọ̀ àti oníṣòwò ará Èkó, dá oko kòkó sí Ìjàn lẹ́bàá Agége; J. K. Coker dá tirẹ̀ sí Ìfàkò lẹ́yìn náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1907, àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀ ti ní ẹgbẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tí ó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá gba Agége kọjá, ó sì sọ obì ibẹ̀ di ọjà tí àwọn oníṣòwò Haúsá ń wá rà. Pèrègún ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá fi ń pààlà ilẹ̀, nítorí pé kì í tètè kú, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé a kì í ṣàdédé fà á tu.

Owó iyàrá ni ó pa àgbàlá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950, òṣìṣẹ́ ya wọ Agége, ilẹ̀ di ohun tí a ń tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, onílé sì rí i pé ibi tí kò ní òrùlé kò lè mú owó wọlé. Báyìí ni ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ṣe gbilẹ̀, ilé tí iyàrá dojú kọra ní ọ̀tún àti òsì, tí ọ̀nà tóóró kan sì la àárín wọn kọjá. Ọ̀nà yẹn ni àgbàlá tí páànù bò lórí, tí iná mànàmáná kan ṣoṣo rọ́pò ojú ọ̀run rẹ̀. Ìjọba gbìyànjú ní tirẹ̀: àjàkálẹ̀ àrùn tí eku fà ní Èkó ní 1924 ti mú kí a dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò, LSDPC tí ó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ní 1972 sì kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri, títí kan Oko Ọba. Fèrèsé pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àgbàlá kò padà.

Òkè òkun ni ewéko gbà padà wọ inú ilé. Ní London ní 1829, dókítà kan, Nathaniel Ward, ṣàkíyèsí pé ewéko lè yè nínú ìgò tí a dé pa bí èéfín èédú tilẹ̀ ń pa ti ìta, àpótí gíláàsì tí ó ti ibẹ̀ jáde ni a sì fi kó ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru kọjá òkun. Pèrègún àti àwọn ìbátan ọ̀já kòríkò wà lára àwọn tí ó gba iyàrá àwọn òyìnbó, nítorí pé ohun tí ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbé abẹ́ igi ńlá kò bẹ̀rù yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré. Ní 1989, ilé iṣẹ́ NASA ní Amẹ́ríkà kéde pé irú wọn ń fa kẹ́míkà inú afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń ta òdòdó kò tíì yé sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí tí a dé pa ni a ti ṣe ìwádìí náà, tí àyẹ̀wò mìíràn ní 2019 sì fi hàn pé ipa rẹ̀ nínú ilé gidi kò tó nǹkan. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń dà láàmú ní Agége kò gbọdọ̀ gbójú lé ewé. Ibi tí ó jìnnà sí ilé ni kí ó gbé jẹnẹrétọ̀ náà sí.

Àgbàlá kò tíì kú tán. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tí ó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkà ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, dá àgbàlá agbomi-òjò padà sínú ilé tí ó kọ́ fún ara rẹ̀ ní Ìdúmùje-Ugbókò, àwọn olùṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá wọn ní 2023. Ẹni tí kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣí igun kan péré nínú ilé rẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ní ti pèrègún, kò sí ìdí láti rà á: ọ̀pá kan tí a gé lára ti aládùúgbò, tí a rì mọ́lẹ̀ ní àkókò òjò, yóò hù.