Aṣọ Lára Obìnrin Òṣèlú: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta

Nígbà tí àwọn obìnrin ọlọ́jà dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní àwọn ọdún 1940, ọ̀rọ̀ aṣọ di ọ̀ràn òṣèlú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kàwé láàárín 1919 sí 1922, aṣọ òyìnbó sì ni a fi ń dá alákọ̀wé bíi tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí aláró àti aláta. Ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ìró, bùbá àti gèlè ni ó ń wọ̀ jáde. Yorùbá ni ó sì ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fúnra wọn.

Àwọn òpìtàn a máa ka èyí sí ìfẹ́ ilẹ̀ baba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ojú ọlọ́jà ni ó kọ́kọ́ rò: ta ni yóò tẹ̀ lé ẹni tó múra bí ìyàwó òyìnbó lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí? Wọ́n tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀.

Fìlà Awólọ́wọ̀ náà lókìkí, àmọ́ kò pọn dandan kí ó dé e kí aláta tó gbà pé ó lè ṣojú òun.